Ìpàkọ́ Tó Wà Nínú Fíìmù Bàbá Àgbà

Níbi ìsìn ìsìnkú Bàbá Àgbà ní Òmù-Àrán, wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí etí gbogbo ìjọ. Ẹni tó kà á mọ̀wé kà, ohùn rẹ̀ sì já geere. Nígbà tó dé ibì kan, ó ní, "Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀." Mo wà ní ìlà kejì, láàárín àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo wúkọ́. Ikọ́ tèmi tilẹ̀ kéré. Láti abẹ́ kánópì níta, níbi tí àwọn àlejò tí kì í ṣe ọmọ ìjọ jókòó sí, ni a ti gbọ́ tí arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín. Alhaji Jímọ̀ ni, télọ̀, ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà láti kékeré. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń ja ìjà kan ṣoṣo bọ̀, lórí ìpàkọ́ ọkùnrin kan tó fara hàn nínú fíìmù.

Ọdún márùn-ún-dín-lógójì ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò lè rí àṣìṣe kí n má fa ìlà pupa sí i lábẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé Bàbá Àgbà, wọ́n ti ka ìyẹn. Ohun tí wọ́n fò ni mo fẹ́ kọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan sọ kí n tó máa lọ. "Ó" ni n ó máa pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí, kì í ṣe pé wọn kò kọ́ mi nílé. Bí mo bá ń pè é ní "wọ́n" bí mo ti ń ṣe nígbà tó wà láyé, ẹ kò ní mọ ìgbà tó jẹ́ òun nìkan àti ìgbà tó jẹ́ òun àti Alhaji. Ìgbà tó sì jẹ́ òun nìkan kò wọ́pọ̀.

Dèrébà ni Bàbá Àgbà. Àwọn kan sọ lọ́jọ́ ìsìnkú pé ọ̀gá ni nílé iṣẹ́ ìjọba. Rárá o. Ọkọ̀ sinimá ló wà, ìyẹn ọkọ̀ tí ìjọba fi ń gbé ẹ̀rọ àti aṣọ funfun lọ sí Bàbáńlá, Ṣàrẹ́, Omùpo àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, láti fi àwòrán tó ń rìn han àwọn ènìyàn. Fíìmù nípa ẹ̀fọn àti omi mímọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ti orin sí i, torí bí wọn kò bá ṣèlérí orin, kò sẹ́ni tí yóò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Nígbà tí ìjọba pa ọkọ̀ náà tì, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ da àwọn agolo fíìmù nù, Bàbá Àgbà kọ lẹ́tà, ó tọrọ wọn, wọ́n sì fún un. Ó tọ́jú èsì lẹ́tà náà. Ó tọ́jú àpòòwé tí èsì náà wà nínú rẹ̀.

Yàrá kan wà nílé rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Giramafóònù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, rédíò onípákó, áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń da èédú sí nínú, àpótí tó kún fún àwo orin, ẹ̀rọ sinimá fúnra rẹ̀, àti aago ògiri mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ àsìkò tó wù ú. Ó fi òwú so páálí pélébé mọ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Ó kọ ẹni tó fún un sára páálí náà àti ohun tó ń ṣe nǹkan náà, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń kọ nǹkan sí káàdì aláìsàn. Mo rántí ti rédíò kan: "Láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé kan ní Omùpo. Àárọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀." Ìbátan wa kan wá láti Èkó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ní, "Bàbá, kí ni gbogbo ìwọ̀nyí wúlò fún?" Bàbá Àgbà wò ó títí. Ó ní, "Àwọn tó tọ́jú ère òkúta àtijọ́ ní Èsìẹ́, ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sè?"

Ẹni tó mọ ìwúlò àwọn nǹkan náà ni Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Bàbá Àgbà wọ yàrá, ó rí i pé giramafóònù tó dàgbà jù ti pàdánù ìwo rẹ̀, ìyẹn ẹnu gbàgàdà tí ohùn ń gbà jáde. Ó wá a kiri títí tó fi dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà ti ki ìwo náà bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ó ń rọra da epo pupa gba inú rẹ̀ kọjá. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Bàbá Àgbà pariwo, ó gbé ọwọ́ lé orí, àwọn aládùúgbò yọjú. Ìyá Àgbà da epo náà tán, ó nu ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ó gbé ìwo lé e lọ́wọ́. Bàbá Àgbà fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìwo náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, bí giramafóònù yẹn bá ń kọrin, òórùn á gba yàrá bí ẹni pé ẹnì kan ń se ẹ̀wà nítòsí. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ lọ́jọ́ náà ni pé, "Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ni mo fún un."

Kò tán síbẹ̀. Nígbà ìkórè ọdún kan, Ìyá Àgbà mú ọ̀kan nínú aago mẹ́fà náà, ó fi aṣọ tuntun wé e, ó fi ta ìjọ lọ́rẹ. Bàbá Àgbà jókòó sí ìlà iwájú, ó ń wo iṣu, ó ń wo ewúrẹ́, bí wọ́n ti ń tà wọ́n fún ẹni tó bá ná wọn jù. Bí wọ́n ti tú aṣọ lára aago, ó dìde dúró. Ó ná an, ẹlòmíràn ná an, ó tún ná an, títí tó fi di pé òun nìkan ló ń náwó lórí aago tó jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un pé ó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ Olúwa. Bí a ti ń lọ sílé, ó gbá aago náà mọ́ àyà, ó yíjú sí Ìyá Àgbà, ó ní, "Ìyá Délé, ọdún tó ń bọ̀, ìwọ gan-an ni n ó fi ta ìjọ lọ́rẹ."

Ṣùgbọ́n fíìmù ni olórí gbogbo nǹkan tó ní. Nínú gbogbo àwọn agolo náà, ẹyọ kan ló jẹ́ ti eré orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpáàtà ti jẹ orúkọ ara agolo rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin jùjú kan ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìlọrin, aṣọ funfun lára gbogbo wọn, aṣíwájú wọn gbé gìtá kọ́rùn. Ọ̀gá Onígìtá ni Bàbá Àgbà ń pè é. Ọjọ́ kejì Kérésì lọ́dọọdún, lọ́sàn-án gangan, a ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí gbogbo fèrèsé pálọ̀, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìnkùlé, a ó sì wo eré náà. Òógùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Bàbá Àgbà kì í sì í pè é ní wíwo fíìmù. "À ń lọ síbi eré" ló máa ń sọ. Ẹni tó ń lọ síbi eré gbọ́dọ̀ wẹ̀, kó wọ bàtà, kó sì tò sórí ìlà lẹ́nu ọ̀nà. Bí orin kan bá parí, a gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́. Ibì kan wà láàárín tí ohùn ti bàjẹ́. Bí a bá dé ibẹ̀, Bàbá Àgbà á dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, á sì kọ orin náà fúnra rẹ̀ títí ohùn á fi padà. Ìgbómìnà ló ń bá wa sọ nínú ilé, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti ń yí, ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ni yóò máa lò.

Ọdún kan, pásítọ̀ wa wá síbẹ̀. Kí eré tó dé ìdajì, ó rọra dìde, ó ní wọ́n ń retí òun níbì kan. Bàbá Àgbà sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. A rò pé ó fẹ́ sìn ín ni. "Ẹ dágbére fún wọn ná, Bàbá Pásítọ̀. Ẹ ò kàn lè dìde lójú wọn báyẹn." Pásítọ̀ yíjú padà, ó juwọ́ sí àwọn olórin tó wà lára aṣọ.

Ní nǹkan bí àárín eré náà, kámẹ́rà kúrò lára àwọn olórin, ó lọ sẹ́yìn àwọn èrò. Ìpàkọ́ ọkùnrin kan tó dé fìlà òfì kún ojú aṣọ, ó ń mì sí ìlù. Kí ènìyàn tó ka ení dé ẹẹ́wàá, ó ti kọjá lọ. Bàbá Àgbà àti Alhaji wà nínú gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ tí wọ́n ya fíìmù yìí. Géńdé ni àwọn méjèèjì nígbà náà. Ọkọ̀ tó kó iṣu ni wọ́n wọ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí, fìlà wọn sì bára mu, torí aṣọ òfì kan ṣoṣo ni Alhaji fi rán méjèèjì. Ìpàkọ́ ta wá ni? Bàbá Àgbà sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí òun fi fíìmù náà hàn ní Ṣàrẹ́, òun mọ ìpàkọ́ òun lójú ẹsẹ̀, tí òun sì pariwo mọ́ àwọn ará Ṣàrẹ́ létí. Alhaji sọ pé tòun ni.

"Wo bó ṣe ń jó," Alhaji á ní. "Ṣé dèrébà lè mi orí báyẹn? Ìwọ tí o máa ń jókòó ṣánṣán bí ẹni tó di síárín ọkọ̀ mú, kódà lórí bẹ́ńṣì."

"Télọ̀, pẹlẹbẹ ni ìpàkọ́ tìrẹ. Bó o bá fẹ́ rí i, wo ìdí áyọ́ọ̀nù rẹ."

Bí Iléyá bá dé, Alhaji á fi ẹran ránṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ kan: "Ẹran rèé. Tèmi ṣì ni ìpàkọ́." Bí Kérésì bá dé, Bàbá Àgbà á fi ìrẹsì dáhùn: "Ìrẹsì rèé. Wọn kì í fi ẹran ra ìpàkọ́." Lọ́jọ́ kan ọ̀rọ̀ náà sú Ìyá Àgbà. Ó ní kí àwọn méjèèjì dúró, kí wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n dúró, àwọn bàbá ńlá méjì, ọwọ́ lẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé. Ó wo ti èkíní, ó wo ti èkejì, ó padà sídìí ààrò rẹ̀. "Nínú méjèèjì," ló wí, "mi ò rí èyí tó tó ohun tí ènìyàn ń jà sí."

Mo ti pa yín lẹ́rìn-ín tó. Ó yẹ kí n sọ ohun tí èmi náà kò tètè mọ̀. Lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà ti kú, ìjì ká òrùlé Alhaji lọ ní ọdún kan, òjò sì rọ̀ sínú ilé náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo fọ́tò tí Alhaji ní wà nínú àpótí páálí kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá Àgbà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú abẹ́ tín-ínrín àti aṣọ ìnuwọ́. Ó jókòó sídìí tábìlì ìránṣọ, ó ń gbìyànjú láti ya àwọn fọ́tò náà kúrò lára ara wọn, kó sá wọn sóòrùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń lọ. Títí ọdún náà fi parí, kò dárúkọ ìpàkọ́ mọ́ rárá. Nígbà tí mo bi í léèrè àwọn fọ́tò náà, ó ní, "Wọ́n ti di ọ̀kan ṣoṣo, Tíṣà. Bí mo bá fa èyí, ìyẹn á ya."

Tíṣà ni ó ń pè mí, láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹta.

Ní Kérésì tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn rẹ̀, gílóòbù ẹ̀rọ sinimá jó, a kò sì rí irú rẹ̀ rà mọ́ níbikíbi. Mo gbé agolo náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan ní Ìlọrin tó ń kó fíìmù àtijọ́ sórí fíláàṣì. Bàbá Àgbà fẹ́ mọ̀ bóyá onítọ̀hún fọ ọwọ́ rẹ̀. Mo ní ó fọ̀ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì, kí àwọn èèyàn tó dé, èmi àti Bàbá Àgbà ki fíláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n láti dán an wò. Ohun kan wà tí ẹ̀rọ sinimá kò lè ṣe tí tẹlifíṣọ̀n lè ṣe. Ìyẹn ni pé kí àwòrán dúró sójú kan. Tẹ́lẹ̀, bí a bá dá fíìmù dúró, iná gílóòbù á jó o lu. Nígbà tí ìpàkọ́ náà dé, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó dúró.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, a wò ó dáadáa. Ní ẹ̀yìn fìlà náà, ìrépé aṣọ kan wà tí ìlà rẹ̀ dùbúlẹ̀, nígbà tí ìlà gbogbo ìyókù dúró. Aṣọ ti tán lọ́wọ́ ẹni tó rán an ni. Mo sáré lọ sínú yàrá, mo gbé fìlà òfì Bàbá Àgbà jáde nínú àpótí. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ìrépé náà wà níbẹ̀, ìlà rẹ̀ dùbúlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti borí! Tiyín ni! Bí Alhaji bá dé, ẹ jẹ́ kí n fi hàn wọ́n."

Mo rò pé yóò jó. Ó mú fìlà náà lọ́wọ́ mi, ó ń fi àtàǹpàkò ra ìrépé yẹn.

"Tíṣà, ṣé o ti rí fọ́tò Alhaji rí, nígbà tó wà ní géńdé?"

"Rárá, Bàbá."

"Èmi ńkọ́?"

Mo gbójú sókè. Fọ́tò rẹ̀ kún ògiri. "Mo ti rí tiyín púpọ̀."

"Dá fìlà yìí padà sínú àpótí."

Alhaji dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dì í lọ́wọ́ mú, àwọn ọmọ tìyẹn mẹ́ta sì tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ti wẹ̀, wọ́n wọ bàtà. A tò wọlé. Nígbà tí a dé ibi ìpàkọ́, Bàbá Àgbà ní kí n dá a dúró. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà bi í pé, "Bàbá, ta nìyẹn?"

A tún ìjókòó wa ṣe. Gbogbo wa mọ̀ pé ìbéèrè yẹn máa ń gbà tó wákàtí kan.

"Bàbá yín ni," ni Bàbá Àgbà wí.

Alhaji na ọrùn síwájú. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Dèrébà? Tún un sọ."

"Ìpàkọ́ rẹ ni, Télọ̀."

Alhaji yíjú sí ibi tó rò pé mo wà. "Tíṣà, ṣé ara bàbá rẹ yá? Àbí dókítà ti ní kó máa lọ dágbére fáwọn èèyàn?"

"Ara mi yá! Ọrùn tó gùn gbọọrọ bí ọrùn ògòǹgò yẹn, ta ni ìbá tún ní irú rẹ̀? Ojú mi ló ń tàn mí jẹ láti ọjọ́ yìí."

A rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan nínú búláńkẹ́ẹ̀tì fi já bọ́ lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ náà kò bá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti lọ dúró sí ìdí tẹlifíṣọ̀n. Èyí àbúrò na ìka, ó fi kan ibi tí irun yọ lábẹ́ fìlà. "Ẹ wò ó," ló wí, "irun Bàbá wa dúdú!" Alhaji ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Alhaji ní kó sọ bí èjìká ṣe rí, bóyá ó gbòòrò. Ọmọ náà ní ó gbòòrò gan-an. Ẹnu ń yún mi. Ní ọdún márùn-ún-dín-lógójì, mi ò jẹ́ kí ìdáhùn tí kò tọ̀nà kọjá lójú mi rí. Mo jẹ́ kí èyí kọjá.

Bàbá Àgbà lo Kérésì kan sí i lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn náà ó sùn, kò jí. Lẹ́yìn ìsìnkú, tí wọ́n ń tú kánópì palẹ̀, Alhaji ní kí wọ́n mú mi wá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gbá ọwọ́ mi mú.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí."

"Wọ́n kà á bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Irọ́ ni. Ìwọ lọ kọ òótọ́. Kí o sì kọ ọ́ pé òun ló ni ìpàkọ́ yẹn."

Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Èmi ni mo rán fìlà náà, Tíṣà. Aṣọ kò tó, mo fi ìrépé lẹ tirẹ̀ lẹ́yìn, mi ò sọ fún un. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ti wo fíìmù yẹn, tí ojú mi ṣì mú, ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà fún un lọ́jọ́ náà, kí ni à bá wá máa bá ara wa sọ láti ọgọ́ta ọdún?"

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́, Bàbá? Àwọn mọ̀ ọ́n sí tiyín. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ pé tiyín ni."

Ó mi orí. Ó fún ọwọ́ mi mọ́ra.

"Rárá. Bí o bá kọ ọ́ pé tèmi ni, báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé ó fún mi?"